Ṣé O Mọ̀? Epo Tójú Ò Rí Mọ́ Kò Tíì Lọ

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń da epo rọ̀bì sínú òkun? Ó pẹ́ tó ti ń sun jáde láti inú àpáta ìsàlẹ̀ omi láwọn ibì kan, bíi tòsí etí òkun California. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sun. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi í ṣe oúnjẹ. Alcanivorax ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ọ̀kan nínú wọn. Ìjàǹgbọ̀n máa ń dé nígbà tí ọmọ aráyé bá da epo tó yẹ kó sun fún ọ̀pọ̀ ọdún jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀ epo rí? Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ọdún 1967, ọkọ̀ Torrey Canyon kó epo rọ̀bì tó tó 119,000 tọ́ọ̀nù, ó ń sáré kí ó lè bá omi òkun nígbà tó bá kún, kó lè ráyè wọ èbúté Milford Haven. Ọ̀gá ọkọ̀ gba ọ̀nà àbùjá, ó sì kọlu àpáta nítòsí Cornwall. Wọ́n rán bààlú ológun lọ jù ú ní bọ́ǹbù, kí epo inú rẹ̀ lè jó tán.

Ti bọ́ǹbù kọ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Nǹkan bíi 10,000 tọ́ọ̀nù ọṣẹ olómi ni wọ́n dà sójú omi àti sí etí òkun kí epo lè túká. Ó túká lóòótọ́, ojú kò rí i mọ́, àmọ́ ọṣẹ yẹn pa ìgbín òkun àti àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí mìíràn tó lẹ̀ mọ́ àpáta ju bí epo ṣe pa wọ́n lọ. Níbi tí wọn kò da ọṣẹ sí, ọdún méjì sí mẹ́ta ni nǹkan fi bọ̀ sípò. Níbi tí wọ́n ti dà á yàlàyòlò, ó gbà tó ọdún mẹ́wàá, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé òtútù lè pa ẹyẹ tó bá kó sínú epo? Ìyẹ́ rẹ̀ dà bí òrùlé koríko: bó bá tò dáadáa, omi kò ní ráyè wọlé. Epo a lẹ̀ ẹ́ pọ̀, omi tútù a kan awọ ara. Ẹyẹ a máa fi ẹnu ha epo náà, a sì máa gbé e mì. Nígbà tí ọkọ̀ epo Exxon Valdez yà fún yìnyín, tó sì forí sọ àpáta ní Alaska lọ́dún 1989, àwọn ẹyẹ òkun tó kú tó 250,000 ní ìṣirò. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn tó gbẹ́ ihò sí etí òkun yẹn ṣì ń bá epo náà lábẹ́ òkúta.

Epo mọ ìrìn rìn pẹ̀lú. Ní oṣù Kìíní 1998, páìpù Idoho bẹ́ nínú òkun Akwa Ibom, 40,000 àgbá epo tú dànù, ìgbì sì gbé e dé etí òkun Èkó. Nígbà mìíràn, iná ló ń mú un: ní Ìlàjẹ, kànga epo Ororo gbiná ní oṣù Karùn-ún 2020, ó sì jó fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́ta.

Ṣé o mọ̀ pé wọn kò wa epo ní Ogoni mọ́ láti 1993? Síbẹ̀ páìpù ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí UNEP, àjọ àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2011, ó ní omi kànga tí wọ́n ń mu ní Nisisioken Ogale ní benzene, tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ní ìlọ́po 900 ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀ lọ. Lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ léfòó lórí omi. Ìfọ̀mọ́ Ogoni lè gba ọdún 25 sí 30, gẹ́gẹ́ bí àjọ náà ti wí. Ọdún 2016 ni ìjọba tó ṣí iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.