Olè Ni Olè Ń Jẹ́, Ìbáà Ṣe Lórí Fóònù

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ilé kéwú, ó kan ilé ìwé, ó sì kan àwọn oníṣòwò wa pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, àti bí wọ́n ti ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà mú iṣẹ́ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Àwọn ọmọ náà kò kà á sí olè. Èyí tí ó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí pàápàá kò kà á sí olè.

Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìyá kan tí ń ta aṣọ tọ̀ mí wá. Ó ní, "Alùfáà, ẹ gbà mí. Ọmọ mi gba ìwé kan sórí fóònù rẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní igba náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bá a wí, ó ní òun kò gbé ìwé kankan kúrò lórí àtẹ ẹnikẹ́ni."

Mo dá a lóhùn pé, "Àlájà, bí ẹnì kan bá lẹ orúkọ ìsọ̀ yín mọ́ aṣọ tí kò dára, tí ó sì ń tà á fún àwọn oníbàárà yín, ṣé ó gbé aṣọ kankan kúrò ní ìsọ̀ yín?"

Ó ní, "Kò gbé aṣọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ mi ni ó gbé."

Mo ní, "Ìdáhùn tí ẹ ó fún ọmọ yín nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀rọ̀ yìí bí oníṣòwò. Kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé alùfáà kan kọ ìwé fún àwọn ọmọ kéwú, ó sì yá owó láti tẹ 500. Ó lè jẹ́ pé ìgbà tí 300 bá tà tán ni owó bébà, owó íǹkì àti owó ìtẹ̀wé yóò tó padà sí i lọ́wọ́. Igba tí ó kù ni èrè gbogbo òru tí ó fi jókòó kọ ọ́. Bí àwọn ọmọ bá wá ń ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, igba náà gan-an ni kò ní tà. Alùfáà náà kò ní lè tẹ ìwé kejì. Nígbà tí ó bá yá, àwa kan náà ni yóò máa ráhùn pé kò sí ìwé ẹ̀sìn tí ó dára fún àwọn ọmọ wa.

Ǹjẹ́ kí ni ẹ̀sìn wí? Ọlọ́hun Ọba kìlọ̀ fún wa nínú Àlùkùránì pé kí a má ṣe fi ọ̀nà èké jẹ ohun ìní ara wa. Ó sì fi odindi súrà kan bá àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù wí. Ànábì Muhammadu (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá nínú ọjà, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ, ó sì bá omi nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó bi ẹni tí ń tà á léèrè ìdí tí kò fi fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i, ó sì fi yé e pé ẹni tí ó bá ń tan ènìyàn jẹ kò sí lára àwọn tirẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé, ẹ sọ fún un pé àwọn onímọ̀ ti jókòó lé e lórí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1988, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Islam tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Jeddah ṣe ìpàdé wọn karùn-ún ní Kuwait. Wọ́n fi ẹnu kò pé ohun ìní tí òfin Islam dá mọ̀ ni orúkọ tí oníṣòwò fi ń tajà, ìwé tí òǹkọ̀wé kọ, àti ohun tuntun tí oníṣẹ́ ọwọ́ hùmọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ ipá mú wọn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kíyè sí i pé orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí nígbà tí wọ́n dáàbò bo orúkọ ìsọ̀ yín àti ìwé alùfáà. Ẹ kò lè gba ọ̀kan kí ẹ kọ èkejì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ti Ọlọ́hun ni ìmọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ ìwé tí ó gbé e wá sọ́jà kò fi ìmọ̀ pamọ́, ńṣe ni ó gbé e síta. Ti Ọlọ́hun ni omi náà, síbẹ̀ a ń sanwó fún ẹni tí ó ru omi wá sí ẹnu ọ̀nà wa.

Òfin ìlú pẹ̀lú kò dákẹ́. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1911 ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá lò ní Nàìjíríà, ní 1912. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 1970, ó ṣe òmíràn ní 1988, èyí tí ó sì ń ṣiṣẹ́ nísinsìnyí ni Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Òfin yìí kan ohun tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn láti tà á lè san owó ìtanràn, ó sì lè lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò bá a wọ sàárè. Ó wà títí tí 70 ọdún yóò fi pé lẹ́yìn ọdún tí ó kú. Ẹ wo olóògbé Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, ẹni tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tí ó sì gbé e wá sí Agége ní 1955. Ọdún 1992 ni ó jáde láyé. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ lórí àwọn ìwé tí ó kọ kò ní parí títí di òpin 2062. Ẹ rántí pé ogún ni irú ẹ̀tọ́ báyìí. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá kú, tí a sì ń jí ìwé rẹ̀ tẹ̀, ohun ìní àwọn ọmọ òrukàn ni a ń jẹ, kò sì sí Mùsùlùmí tí kò mọ bí èyí ti burú tó lójú Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n n kò wí pé kí àwọn ọmọ wa má fọwọ́ kan fóònù. Ohun tí ó tọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Èkínní, òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti da ìwọ̀n díẹ̀ kọ nínú ìwé fún ẹ̀kọ́ ara rẹ̀, kì í ṣe láti tà.

Èkejì, ó lè mú ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú ìwé ẹlòmíràn sínú iṣẹ́ tirẹ̀, bí ó bá dárúkọ ẹni tí ó ni ín.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ àwọn tí ó ti kú kọjá ọdún tí òfin wí ti di ti gbogbo ayé.

Ẹ̀kẹrin, àwọn kan wà tí wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹni tí ó gbẹ́ kànga sí ẹ̀bá ọ̀nà nítorí Ọlọ́hun. Láti 2002 ni ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Creative Commons ti wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ ka ohun tí oníṣẹ́ wí níbẹ̀, nítorí àwọn mìíràn gbà kí a lò ó, wọn kò gbà kí a tà á.

Ohun tuntun kan tún dé, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń dá ọ̀rọ̀ kọ, bí irú ChatGPT tí ó jáde ní 2022. Ọmọ yóò bi í ní ìbéèrè tí olùkọ́ fún un, ẹ̀rọ yóò kọ ìdáhùn, ọmọ yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹ̀rí èké ni èyí, nítorí ó ń jẹ́rìí pé òun ni ó ṣe ohun tí kò ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ náà a máa ṣì sọ. Ó lè hun ọ̀rọ̀ kan, kí ó pè é ní hádíìsì, kí ó sì dárúkọ ìwé tí irú hádíìsì bẹ́ẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá fi í wá àlàyé ohun tí kò yé e, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó gbé àlàyé náà dé iwájú olùkọ́ rẹ̀ kí ó tó gbà á gbọ́.

Kì í ṣe àṣà òyìnbó ni mo ń kọ́ yín. Àwọn onímọ̀ wa àtijọ́, kí wọ́n tó ka hádíìsì kan, wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àti ẹni tí onítọ̀hún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, títí yóò fi kan Ànábì. Akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gba ìjásà lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe àṣẹ láti fi ìwé náà kọ́ ẹlòmíràn. Ṣé ọmọ irú àwọn bàbá báyìí ni yóò wá máa pa orúkọ oníwèé rẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ki orin àti wáàsí sínú mẹ́mórì fóònù fún owó lọ́jà, ọ̀rọ̀ yìí bá yín wí. Wáàsí tí a gbà sínú ẹ̀rọ ní ẹni tí ó ni ín. Ẹ tọ̀ ọ́ lọ, ẹ gba àṣẹ, kí ẹ jọ pín èrè rẹ̀. Òwò yín yóò sì mọ́.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin alùfáà ilé kéwú, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ọmọ bá mú iṣẹ́ àṣetiléwá wá, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti rí i àti ẹni tí ó ni ín. Bí ìwé bá wọ́n, ẹ dáwó jọ nínú ìjọ kí ẹ ra mélòó kan sí mọ́ṣáláṣí, kí àwọn ọmọ máa yá a kà. Ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó dàrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Kí Ọlọ́hun má fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fi èyí tí ó mọ́ bọ́ gbogbo wa. Àmín.