Jẹ́lé-ó-sinmi: Ta Ni Kì í Sinmi?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tú palẹ̀: jẹ́lé-ó-sinmi. Bí a ti ń pe ilé tí à ń gbé ọmọ wẹ́wẹ́ lọ kí wọ́n tó tó ilé-ìwé lọ nìyẹn. Orúkọ náà fi yé wa pé ilé yóò sinmi. Kò dárúkọ ẹni tí kì í sinmi, èyí ni obìnrin tí ó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Nínú agbo-ilé, a kì í sanwó fún igba ènìyàn wọ̀nyí. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lọ sí Ìlú Ọba ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, wọn kò bá wọn lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ fi ọmọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ òyìnbó, wọ́n ń sanwó. Ọmọ mìíràn wà nínú wọn tí kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ mọ́.

Èé ṣe tí ìtọ́jú ọmọ fi wọ́n lójú òbí, tí owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì kéré? Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí òṣìṣẹ́ kan má wo ju ọmọ 3 tí kò tíì pé ọdún 2 lọ. Nítorí náà, owó tí ó ti ọwọ́ òbí ọmọ 3 wá ni a ó fi san owó oṣù ẹnì kan, owó ilé àti oúnjẹ. Bí a bá fi kún owó oṣù, ìnira dé bá òbí. Bí a kò bá fi kún un, òṣìṣẹ́ á wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè gba ọmọ pọ̀n.

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ ń sanwó wákàtí 30 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, fún òbí tí ó ń ṣiṣẹ́ tí ó sì kún ojú òṣùwọ̀n, bí ọmọ bá ti pé oṣù 9. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n wákàtí kì í pọn ọmọ. Ènìyàn ní í pọn ọmọ. Nítorí àìtó òṣìṣẹ́ ni ìjọba fi dán an wò ní ọdún 2024 láti fi £1,000 fa ẹni tuntun wọlé ní àwọn àgbègbè kan.

Èrò tèmi ni pé ìlú ni igba ènìyàn tí òwe wa ń sọ lónìí. Kí owó orí gbogbo wa gbé iṣẹ́ yìí, kí ó sì dé ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣe é. Bí ilé bá fẹ́ sinmi, kí ebi má pa ẹni tí ó fún un ní ìsinmi.