Eruku Dúdú ní Port Harcourt: Èyí Tí Ojú Kò Rí Ló Léwu Jù

Ní ìparí ọdún 2016 ni àwọn olùgbé Port Harcourt, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers, bẹ̀rẹ̀ sí í rí eruku dúdú tí èéfín gbé wá lórí ilẹ̀, lára ògiri àti lára aṣọ tí wọ́n sá. Àdúgbò D-Line pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Fífọ epo rọ̀bì ní ìkọ̀kọ̀ wà lára ohun tí ó fà á. Ní oṣù Kínní ọdún 2022, Gómìnà Nyesom Wike pàṣẹ pé kí wọ́n wó àwọn ibùdó náà palẹ̀.

Imú máa ń dá eruku ńlá dúró. Èyí tí kò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìbú irun orí a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń dá kún àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ọmọdé, aboyún àti arúgbó ni ó tètè ń ṣe ní jàǹbá.

Nígbà tí èéfín bá pọ̀, ẹ ti fèrèsé. Ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀, nítorí ìgbálẹ̀ a tún máa gbé eruku náà sókè. Ẹni tí kò bá lè mí dáadáa, kí ó tètè lọ rí dókítà.

Síbẹ̀, bí a kò bá pa iná náà níbi tí wọ́n ti dá a, ìmọ́tótó ilé nìkan kò tó.