Saguaro: Igi Tí Ń Dúró De Òru

Sùúrù ni baba ìwà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Igi kan wà ní aṣálẹ̀ Sonora, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà àti ní àríwá Mẹ́síkò, tí ìṣe rẹ̀ bá òwe náà mu. Saguaro ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ mọ igi ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún ti ilẹ̀ wa, ẹ óò rò pé ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́. Oje funfun bí wàrà ni ń jáde lára ọrọ́. Omi ni saguaro kó pamọ́ sínú ara rẹ̀ tó sanra.

Kì í yára dàgbà rárá. Ní ọdún 8 àkọ́kọ́, gíga rẹ̀ lè má ju íǹṣì kan ààbọ̀ lọ. Yóò tó nǹkan bí ọdún 35 kí ó tó yọ òdòdó, àti ọdún 50 sí 70 kí apá tó yọ lára rẹ̀. Bí ohunkóhun kò bá ṣe é, ó lè lo ọdún 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, láti ìparí oṣù Ẹ́prílì títí wọ Júùnù, ni òdòdó funfun ń bo orí rẹ̀. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ń ṣí. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó tún wọ̀, ó ti pa dé títí láé. Láàárín wákàtí wọ̀nyí ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi mìíràn gbọ́dọ̀ kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní so èso. Àdán tí ó ti Mẹ́síkò wá ni ń ṣe iṣẹ́ náà lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àdàbà àti oyin a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èso náà ń pọ́n ní Júùnù àti Júláì. Àwọn Tohono O'odham, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a fi ọ̀pá gígùn ká a. Wọn a sè é títí yóò fi dùn bí oyin, wọn a sì fi ṣe ọtí fún àjọ̀dún tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún òjò.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ bí igi yìí ti ń ṣọ́ owó rẹ̀. Omi ni owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewéko ní ihò kéékèèké tí ó fi ń mí. Bí saguaro bá ṣí tirẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ooru yóò fa omi rẹ̀ gbẹ. Nítorí náà ni ó ṣe ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, tí ó sì ń ṣí i lóru nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù. Lóru ni ó ń ra ọjà. Lójú oòrùn ni ó ń fi ohun tí ó rà ṣe oúnjẹ.

Níhìn-ín gan-an ni ewu wà. Ní ìlú Phoenix, ní ọdún 2023, ooru ọ̀sán dé ìwọ̀n 110 ti Fahrenheit tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ 31 léraléra. Ní òru púpọ̀, kò wá sílẹ̀ tó ìwọ̀n 90, nítorí ògiri àti títì ọlọ́dà ìlú ń tú ooru tí wọ́n gbà lọ́sàn-án jáde. Igi tí ń dúró de òru tútù kò rí i. Nínú ọgbà Desert Botanical Garden tí ó wà ní ìlú náà, apá àwọn saguaro kan já, àwọn mìíràn sì wó lulẹ̀.

Ní ọdún 1931 ni Arizona ti fi òdòdó yìí ṣe òdòdó ìpínlẹ̀ rẹ̀, òfin sì de ẹnikẹ́ni tí ó bá gé igi náà láìgba àṣẹ. Òfin lè dá àáké dúró. Kò lè dá ooru dúró. Ẹni tí ó bá gbin kóró saguaro lónìí láti fi rọ́pò èyí tí ó wó, ọmọ rẹ̀ yóò ti di àgbà kí òdòdó kìn-ín-ní tó yọ. Ohun tí baba ńlá ẹni bá nílẹ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo lè bì ṣubú, ó yẹ kí a máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ogún.