Owó Káńsù Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Àdúgbò Mọ̀ Kí Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀

Bí gọ́tà bá dí ní Ìdímù tí àgbàrá ya wọlé onílé, káńsù la kọ́kọ́ máa ń bú. Bí wọ́n bá sì ń da kọnkéré sí àdúgbò kan, alága la máa ń kí. Nínú méjèèjì, a kì í sábà béèrè pé: èló ni ètò ìṣúná yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, èló ni wọ́n sì ti san fún agbaṣẹ́ṣe? Ohun tí ìwé ìlàlóye yìí fẹ́ fi yé yín ni pé kíkéde iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ará àdúgbò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ṣàǹfààní ju pé kí owó tó ń wọlé fún káńsù pọ̀ sí i lọ. Owó tí kò sí ẹni tó mọ iye rẹ̀ kò sí ẹni tó lè béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú káńsù tí a ní. Nínú àwọn káńsù agbègbè wa, Alímọ́ṣọ́ nìkan ni Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 dárúkọ. Lọ́dún 2003 ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá káńsù ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí LCDA, kún ogún ìjọba ìbílẹ̀ tó ní tẹ́lẹ̀. Alímọ́ṣọ́ wá di mẹ́fà: Alímọ́ṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádò Òkè-Odò, Àyọ̀bọ̀-Ìpájà, Ìkòtún-Ìgàndó, Mọ́sàn-Òkúnọlá àti Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù tiwa. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ṣòro láti rí. Ìkànìyàn tó wáyé lẹ́yìn náà lọ́dún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ́ṣọ́, èyí tí ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ kà sì jẹ́ 2,047,026. Bẹ́ẹ̀ ni Kánò ní ìjọba ìbílẹ̀ 44, nígbà tí Èkó ní ogún péré. Ṣùgbọ́n Abuja kò gbà. Lọ́dún 2004, ìjọba àpapọ̀ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ààrẹ kò láṣẹ láti dá owó náà dúró, ó sì tún ní àwọn káńsù tuntun náà kò tíì pé títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi gbé wọn wọ inú òfin. Títí di 2007 ni owó náà fi há. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá ni pé orúkọ Alímọ́ṣọ́ ni owó Abuja fi ń wá, káńsù mẹ́fà ló sì ń jẹ ẹ́.

Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó bá wọ àpò àjọni ìjọba, 52.68 ni ti ìjọba àpapọ̀, 26.72 ni ti àwọn ìpínlẹ̀, 20.60 ni ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774. Nínú owó orí ọjà tí a ń pè ní VAT, ìjọba ìbílẹ̀ ní 35 nínú 100. Abala 162 nínú òfin ní kí owó yìí gba inú àpò àjọni ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọjá, níbẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń yọ owó oṣù olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ káńsù. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọjà àti owó gáréèjì ni káńsù fi ń kún un. Iṣẹ́ tí owó náà wà fún ni gọ́tà, òpópónà inú àdúgbò, iná ojú pópó, ọjà, itẹ́ òkú, pàǹtírí, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, pẹ̀lú ìrànwọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ àti ìlera. Títì LASU sí Ìṣẹ́rí kì í ṣe ti káńsù, ti ìpínlẹ̀ ni. Títì Èkó sí Abẹ́òkúta, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tó bá gbé ẹ̀sùn títì ìpínlẹ̀ lọ sí káńsù ń fún káńsù ní àyè láti sá fún ti gọ́tà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Alága ló ń gbé ètò ìṣúná kalẹ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń fọwọ́ sí i, wọ́n á gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, wọ́n á máa sanwó bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà ni ayẹ̀wé-owó-wò àgbà fún ìjọba ìbílẹ̀ yóò yẹ ìwé wò. Iṣẹ́ gidi ni ìyẹ̀wé yìí, ṣùgbọ́n owó ti jáde kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Uganda. Àwọn olùwádìí Báńkì Àgbáyé rí i pé láàárín 1991 sí 1995, nínú ọgọ́rùn-ún tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ìnáwó lórí akẹ́kọ̀ọ́, 13 péré ló ń dé ibẹ̀. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ iye owó náà sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé ẹ̀kọ́ lẹ iye tó bá gbà mọ́ ara ògiri. Nígbà tó fi di 2001, ohun tó ń dé ibẹ̀ ti lé ní 80. Àwọn onímọ̀ kan jiyàn pé kì í ṣe ìwé ìròyìn nìkan ló ṣe é, pé ìjọba náà tún ọ̀nà ìsanwó ṣe lásìkò kan náà. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí àtúnṣe kankan tí òbí lè lò bí kò bá mọ iye tó yẹ kó béèrè.

Àwọn kan á ní owó káńsù kéré, kí la fẹ́ kéde níbẹ̀? Lóòótọ́ ló kéré, àlàyé òkè yìí ti fi hàn. Owó tó kéré gan-an ló yẹ kí á ṣọ́, torí bí ìdajì owó gọ́tà kan bá sọnù, gọ́tà náà kò ní dé ibi tí omi ń ṣàn lọ, àgbàrá yóò sì kàn yà sí ilé ẹlòmíì ni. Àwọn mìíràn gbà pé ìdájọ́ ọjọ́ 11, oṣù Keje, 2024, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, ti parí ọ̀rọ̀. Ìdájọ́ ńlá ni, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà láti Abuja dé káńsù ló tún ṣe, kò kan ọ̀nà láti káńsù dé àdúgbò. Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù kò sì sí nínú 774 náà, nítorí náà ìpín tiwa ṣì wà lọ́wọ́ bí Èkó bá ṣe pín in. Àtakò tó le jù ni pé ará ìlú kò ní lóye ìwé ìṣúná, pé ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Àwọn ìyálọ́jà tó ń dájọ ní ọjà Ìdímù mọ ẹni tó san, ẹni tó jẹ àti ẹni tó kù, kò sí ẹni tó ń fojú fo ọjọ́ kan. Iye owó, orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí kò le ju ìyẹn lọ. Bí ìjà bá sì wáyé nítorí iye owó, ó sàn kó wáyé kí kọnkéré tó gbẹ.

Nítorí náà, kí CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì tí yóò máa lọ sí ìpàdé ètò ìṣúná káńsù, kí wọ́n béèrè fún ojú ìwé tó kan àdúgbò wọn, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. Ẹ má sanwó fún agbowó tí kò já rìsíìtì káńsù, torí owó tí kò sí lórí rìsíìtì kò lè sí nínú ìṣirò. Bí wọn kò bá fún yín ní ìwé, ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, èyí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù Kẹrin 2025 pé ó de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ọjọ́ méje sì ni òfin náà fún ọ́fíìsì láti fi dá yín lóhùn.