ÈLÓ NI ÌSINMI ERÉKÙṢÙ?

Ọ̀rọ̀ ọlidé ni mo gbé wá lónìí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á ti máa béèrè pé kí ló kan ará Èjìgbò nínú ọ̀rọ̀ erékùṣù. Ó kàn wá. Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sí Àbíjàn láti ayé àwọn baba wa, tí wọ́n ń ná owó sẹ́fà nínú rẹ̀, tí èdè Faransé kò sì ṣàjèjì níbẹ̀, mọ ohun tí ìrìn àjò ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn àti ohun tí ó ń fún un. Èyí tí a kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni ìrìn àjò tí kì í ṣe ti òwò, tí kì í ṣe ti ìsìnkú, tí kì í ṣe ti ìkórè ìjọ, àní kí ènìyàn kàn lọ jókòó létí òkun kí ó sinmi.

Ẹ jẹ́ kí á ní tọkọtaya ọmọ Èjìgbò kan wà tí wọ́n ń tajà ní Treichville, ní Àbíjàn. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní kùtùkùtù. Wọ́n ti fi owó díẹ̀ pamọ́. Ọkọ ní kí àwọn fi kan páànù sórí ilé tí àwọn ń kọ́ ní Èjìgbò. Ìyàwó ní òun ti gbọ́ nípa erékùṣù Príncipe, kí àwọn lọ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kí àárẹ̀ tó dá àwọn dùbúlẹ̀. Ẹ̀yìn ta ni ká wà nínú àwọn méjèèjì?

Kí á tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí á mọ ibi tí à ń wí. Príncipe ni ó kéré jù nínú erékùṣù ńlá méjì tí ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe, tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ Potogí ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, 1975. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ibẹ̀ ní 2012, wọn kò pé 8,000. Igbó dúdú ló bò ó, ìjàpá òkun sì ń gòkè wá yé ẹyin sí etíkun rẹ̀. Ọdún 2012 yẹn kan náà ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí ó yẹ kí ayé dá ẹ̀dá inú rẹ̀ sí.

Ẹ wá wo ohun tí ó yà mí lẹ́nu. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Èjìgbò, Príncipe sún mọ́ ọn ju Àbíjàn lọ! Ó tó nǹkan bí 780 kìlómítà sí Príncipe, ó sì tó nǹkan bí 960 sí Àbíjàn. Síbẹ̀ owó bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa gba Kùtọnu, Lomé àti Accra dé Àbíjàn kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé Príncipe. Orí òkun ni. Ènìyàn ní láti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfuurufú dé São Tomé, kí ó tún wọ ọkọ̀ kékeré rin nǹkan bí 150 kìlómítà. Orílẹ̀-èdè náà kò sí nínú ECOWAS, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ físà, kí ẹ sì mú ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dání. Ohun tí wọn kò gbìn níbẹ̀, ọkọ̀ ló ń kó o wá, orí àlejò sì ni owó rẹ̀ ń já lé. Kì í ṣe ìjìnnà ló ń gba owó, àìsí èrò lọ́nà ni.

Ní ti owó fúnra rẹ̀, ará Àbíjàn sàn ju ará ilé lọ. Láti 1999 ni wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ yúrò, 655.957 sí yúrò kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì so owó São Tomé náà mọ́ yúrò láti 2010. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba náírà ńkọ́? Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi ń parí, ó ti lé ní 1,500. Bẹ́ẹ̀dì kan náà, òkun kan náà, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Kí ará Àbíjàn má sì búra o, nítorí àwọn àgbà wọn rántí oṣù Kìíní 1994, tí wọ́n gé sẹ́fà sí ìdajì lójijì.

Owó mìíràn wà tí kò sí nínú rìsíìtì: ṣọ́ọ̀bù tí a tì, oníbàárà tí ó yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ọjọ́ mẹ́ta nínú méje bá lọ sórí ìrìn, ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n rà.

Kí wá ni ìyàwó yìí fẹ́ rà? Òkun kọ́, òkun wà ní Àbíjàn. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ rẹ̀ ló fẹ́ rà. Ìwé Máàkù orí kẹfà sọ bí Olúwa ṣe pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí ó ti rẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi níbi tí ó dá, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, tí àwọn ènìyàn sì fi ẹsẹ̀ sáré dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Ẹni tí ó bá ti Àbíjàn wálé rí nínú oṣù Kejìlá kò nílò àlàyé! Kí ó tó sọ báàgì kalẹ̀ ni ẹbí ti kún pálọ̀. Olúwa kò pe àárẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọ̀lẹ, kí àwa náà má pe ti obìnrin yìí bẹ́ẹ̀.

Ọkọ á sì gbá ọ̀rọ̀ Lúùkù orí kẹrìnlá mú, nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kan páànù pẹ̀lú. Ṣé ilé tí wọn yóò sùn sí fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún ni? Èmi ìbá sọ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ivory Coast ní 2002, àti wàhálà ìbò 2010 sí 2011. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ló sá wálé nígbà náà. Ẹni tí ó ní òrùlé wọlé rẹ̀. Ẹni tí kò ní lọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ọkọ ni mo wà lórí páànù. Kí wọ́n kàn án ná, kí ẹnikẹ́ni má sì yá owó èlé lọ wo òkun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyàwó ni mo wà lórí ìsinmi, kò sì yẹ kí ó dúró de Príncipe. Kí wọ́n dá àjọ ọ̀tọ̀ fún ìyẹn. Ní báyìí ná, Île Boulay wà nínú ọ̀sà Ébrié, ní Àbíjàn níbẹ̀. Kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Sátidé kan, kí wọ́n di oúnjẹ dání, kí wọ́n pa fóònù. Kí wọ́n sì bá ọlọ́kọ̀ dúnàá-dúrà àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀, torí bí wọ́n bá san ti àlọ nìkan, òun ni yóò dá iye àbọ̀ lé wọn nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.