Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọjọ́ tí iná lé ará Paradise kúrò nílé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 2018, ìkọ́ irin kan tó ti gbó já lórí òpó iná mànàmáná ilé-iṣẹ́ PG&E ní Kalifọ́níà, Amẹ́ríkà. Iná ta sílẹ̀ níbẹ̀. Koríko ti gbẹ, atẹ́gùn líle ń fẹ́, iná sì ràn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlú Paradise ti di eérú.

Kì í ṣe pé àwọn aláṣẹ ìlú ò múra o. Wọ́n ti pín ìlú sí agbègbè, kí wọ́n lè máa kó èèyàn jáde díẹ̀díẹ̀. Iná ò dúró de ètò. Gbogbo ìlú bọ́ sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́tò há gádígádí lórí Skyway, ọ̀nà ńlá tó jáde nílùú, ojú ọ̀sán ṣókùnkùn bí òru. Àwọn kan fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Èèyàn 85 ló kú, àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ló ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ilé oríṣiríṣi tó jóná lé ní 18,000.

Ẹni tó sá là ńkọ́? Àwọn kan pàgọ́ síbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà Walmart ní ìlú Chico, nítòsí. Èèyàn bíi 26,000 ló ń gbé Paradise tẹ́lẹ̀; ìkànìyàn 2020 bá 4,764 péré.